Báwo la ṣe lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ nífẹ̀ẹ́ sí ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì?

Tíṣà Jọ́gíráfì, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Abẹ́òkúta, mo sì ní ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá mi dá sí. Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, ni ọ̀sẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ òfurufú máa ń wáyé. Àlejò á wá sọ́dọ̀ wa, á gbé àwòrán rọ́kẹ́ẹ̀tì sára ògiri, àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí nìyẹn. Tó bá fi máa di oṣù kọkànlá, kò sí ọmọ kan tí yóò tún bi mí ní ohunkóhun nípa òṣùpá tàbí Máàsì.

Lọ́kàn àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, nígbà tí jiọ́lọ́jì jẹ́ ti ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì. Kò tíì sí ẹni tó là á yé wọn pé ẹni tó ń wádìí òkúta Máàsì àti ẹni tó ń wádìí òkè Olúmọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́, àti pé ẹni tí kò bá mọ ti ilé kò lè mọ ti òkè. Owó kò sí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa. A ní awò mélòó kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, a ní òòfà nínú yàrá fìsíìsì, àwa olùkọ́ sì ní fóònù lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìwọ̀nba nǹkan wọ̀nyí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì wo sì ni kí n fi ṣe? Kí ni kí n sọ fún òbí tó bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni ọmọ òun fẹ́ fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, n kò fẹ́ ìdáhùn tí yóò ní kí n lọ ra awò awọ̀nàjíjìn o.

Akọ Òkúta, Ìbàdàn

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Jiọ́lọ́jì ni iṣẹ́ mi, mo sì máa ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ṣe irú ètò yìí nígbà tí àyè bá gbà mí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kàn ń gbé èèyàn dé ibẹ̀ ni. Òkúta ni wọ́n lọ wò. Láàárín ọdún 1969 sí ọdún 1972, nǹkan bíi kílógíráàmù 382 òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ ni àwọn tó lọ sí òṣùpá kó bọ̀, wọn kò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán títí di òní. Orí ilẹ̀ ayé níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń wo òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn ni Farouk El-Baz, ọmọ Íjíbítì, ẹni tó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ka ojú ilẹ̀ òṣùpá látinú ọkọ̀ tó ń yí i po. Harrison Schmitt tó sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Apollo 17 ní oṣù kejìlá ọdún 1972, onímọ̀ jiọ́lọ́jì paraku ni. Ẹ má gbàgbé láti dárúkọ El-Baz fún àwọn ọmọ yẹn, nítorí ọmọ Áfíríkà ló jẹ́, òkúta ló sì gbé e dé ibi tó dé.

Ẹ kó wọn lọ sí ìdí Olúmọ pẹ̀lú awò yín. Ẹ jẹ́ kí ìtàn ogun sinmi lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú sún mọ́ ara òkúta, kí wọ́n wá àwọn ẹyọ ńláńlá tó funfun tàbí tó pọ́n rúsúrúsú, àwọn èyí tí ara wọn ń dán tí ìmọ́lẹ̀ fẹ́ máa gba inú wọn kọjá, àti àwọn pẹlẹbẹ dúdú tó ń kọ mọ̀nà nínú oòrùn. Ẹ wá bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí àwọn ẹyọ náà fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn kíákíá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti tutù díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn ẹyọ inú rẹ̀ sì ráyè dàgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fóònù, ẹ fi àwòrán òkúta dúdú tí wọ́n kó bọ̀ láti òṣùpá hàn wọ́n, kí wọ́n rí i pé ẹyọ tirẹ̀ kéré púpọ̀. Orí ilẹ̀ ni èyí ṣàn sí, tó sì tètè tutù. Ọmọ tó bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìyàtọ̀ méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ onímọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, kò tíì kúrò ní Abẹ́òkúta.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ Zagami. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1962, òkúta kan tó tẹ̀wọ̀n nǹkan bíi kílógíráàmù 18 já bọ́ láti ojú ọ̀run sínú oko àgbàdo ní Zagami, ní ibi tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Katsina lónìí. Àgbẹ̀ kan wà lóko náà. Kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó wà láàárín òun àti ibi tí òkúta náà wọlẹ̀ sí. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí afẹ́fẹ́ tó há sínú àwọn gíláàsì tíntìntín tó wà nínú òkúta yìí, wọ́n sì rí i pé ó bá afẹ́fẹ́ Máàsì mu, èyí tí àwọn ọkọ̀ Viking ti yẹ̀ wò lórí Máàsì lọ́dún 1976. Òkúta Máàsì ló wá bá wa nílé yẹn! Bí ẹ bá sọ ìtàn náà tán, ẹ dákẹ́. Kò ní pẹ́ tí ọmọ kan yóò fi béèrè bí òkúta ṣe kúrò lórí Máàsì láìsí ẹni tó gbé e.

Láfún àti èlùbọ́ ni ẹ ó fi dá a lóhùn. Ẹ da láfún sínú abọ́ fífẹ̀ kan kí ó jìn tó ìka mẹ́rin, ẹ tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ wá fi asẹ́ ku èlùbọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí rẹ̀ títí tí funfun kò fi ní hàn mọ́. Kí ọmọ kan dúró, kí ó jẹ́ kí òkúta róbótó kan bọ́ sínú rẹ̀ láti òkè. Láfún ìsàlẹ̀ yóò fò jáde, yóò sì fọ́n yí kòtò náà ká sórí èlùbọ́ ní ìlà funfun gbọọrọgbọọrọ. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ gan-an ló yí kòtò Tycho ká lórí òṣùpá. Ohun méjì ni àwọn ọmọ yóò rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ìkọlù lè ju nǹkan sókè, bí agbára rẹ̀ bá sì pọ̀ tó, yóò ju òkúta kúrò lórí pílánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Èkejì, tí èmi fẹ́ràn jù, ni pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ti wá sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń rán ọkọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì wọn lọ sí ibi tí kòtò wà. Perseverance, tó gúnlẹ̀ sínú kòtò Jezero lórí Máàsì ní oṣù kejì ọdún 2021, fi ọ̀pọ̀ oṣù pọ́n etí kòtò náà kó tó dé òkè rẹ̀ ní ìparí ọdún 2024. Àwọn ọmọ yóò jà sí ipò ẹni tí yóò ju òkúta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà.

Fìsíìsì Ló Ni Ín, Èkó

Ẹ̀gbọ́n Akọ Òkúta, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ mo fẹ́ tọ́ka sí ibì kan tí àpẹẹrẹ láfún lè ti ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Nínú abọ́, òkúta tí wọ́n jù ṣì wà nídìí kòtò, wọ́n lè mú un jáde. Ohun ńlá tó bá já lu ayé láti ojú ọ̀run, tó tóbi tó láti gbẹ́ irú kòtò ńlá bẹ́ẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, ó ń sáré kìlómítà 11 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé apá tó pọ̀ jù nínú òkúta náà lè yọ́ tàbí kí ó di oru. Ó ń bú gbàmù ni. Ìdí nìyí tí kòtò fi máa ń fẹ̀ jìnnà ju ohun tó gbẹ́ ẹ lọ. Kòtò tó wà ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, fẹ̀ tó kìlómítà kan àti díẹ̀, nǹkan bíi mítà 1,200, bẹ́ẹ̀ ni irin ojú ọ̀run tó gbẹ́ ẹ ní nǹkan bíi 50,000 ọdún sẹ́yìn kò ju nǹkan bíi mítà 50 lọ. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣírò iye ìgbà tí ọ̀kan fi tóbi ju èkejì lọ.

Kí wọ́n tún wọn nǹkan. Eré lásán ni ó jẹ́ bí wọ́n bá kàn ń ju òkúta tí wọ́n ń pariwo. Kí wọ́n jù ú láti gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi rúlà wọn ìbú kòtò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yà á sórí pépà gíráàfù, kí wọ́n sì tún jù ú láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá kòtò yóò ṣì rí róbótó.

Bí ẹ bá sì ń wá kòtò tó sún mọ́ wa ju Arizona lọ, adágún Bosumtwi wà ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà. Kòtò náà fẹ̀ tó kìlómítà mẹ́wàá ààbọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù ọdún kan. Wọ́n gbẹ́ ihò wọ abẹ́ adágún náà lọ́dún 2004 láti yọ òkúta ibẹ̀ wò, gíláàsì tí ìkọlù náà sì fọ́n jáde ni wọ́n ń ṣà ní Ivory Coast. Lórí àwòrán sátẹ́láìtì nínú fóònù, róbótó rẹ̀ hàn kedere.

Àdùkẹ́ Ọmọ Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kì í ṣe onímọ̀ òkúta, ìtàn ni mo ń kọ́ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Tíṣà múra sílẹ̀ fún ohun kan tí kò ní ṣàì ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá ti lanu sọ pé òkúta máa ń já bọ́ láti ojú ọ̀run, ọmọ kan yóò nawọ́ sókè pé àwọn ní i nílé bàbá àgbà àwọn, pé ẹdùn àrá ni. Bí ẹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ti pàdánù ọmọ náà, ẹ sì ti pàdánù bàbá àgbà rẹ̀ tó lè gba gbogbo àdúgbò níyànjú láti ti ètò yín lẹ́yìn.

Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkúta tí a ń pè ní ẹdùn àrá jẹ́ àáké òkúta tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ tí ó sì dán, láti ayé ìgbà tí irin kò tíì dé. Òjò líle máa ń hú wọn jáde nínú ilẹ̀ oko, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ẹ̀yìn ìjì àti àrá ni àwọn baba wa máa ń rí wọn, tí wọ́n sì so wọ́n mọ́ Ṣàngó. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bó ṣe rí, kí ẹ sì fi kún un pé àwọn baba wa gbà pé òkúta lè ti òkè wá ní àkókò tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù kan ṣì ń sẹ́ ẹ kanlẹ̀. Ojúbọ kì í ṣe yàrá àyẹ̀wò o. Bí ẹbí bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ohun kejì ni ìdàrọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ibi ni àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ti yọ́ irin, pàǹtírí rẹ̀ sì kún inú ilẹ̀. Ó dúdú, ó wúwo, òòfà sì lè fà á. Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ lọ wá òkúta ojú ọ̀run, ìdàrọ́ ni wọn yóò fi kún àpò yín. Ẹ kọ́ wọn láti wo ihò inú rẹ̀: ìdàrọ́ sábà máa ń ní ihò kéékèèké bíi ti búrẹ́dì, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi nínú òkúta ojú ọ̀run. Òkúta ojú ọ̀run tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń ní èèpo dúdú fẹ́lẹ́ tí iná ojú sánmà jó mọ́ ọn lára. Kí wọ́n má sì fi ọ̀kankan ṣòfò. Ẹ ṣí ìwé kan sílẹ̀ nínú kíláàsì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá mú òkúta wá kọ ibi tó ti rí i, ọjọ́ tó rí i, ohun tó rò pé ó jẹ́ àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà kọjá oṣù kẹwàá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds

Mo kí gbogbo ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àjọ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní STFC máa ń yá ilé-ẹ̀kọ́ ní òkúta òṣùpá tí wọ́n dì sínú ike tó mọ́ gaara, pẹ̀lú òkúta ojú ọ̀run tí àwọn ọmọ lè gbé dání. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi, mo yọ̀ǹda ara mi láti dúró tì í. Àwọn ọmọ wo ti òṣùpá fìrí, wọ́n sì kọjá. Irin ojú ọ̀run tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ, nítorí ó wúwo ju bí ojú wọn ṣe rò lọ. Wọn kì í yá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí ọmọ bá gbé dání ló ń gbé lọ sílé, ẹ̀yin sì ní òkúta púpọ̀ ní Abẹ́òkúta.

Lórí ọ̀rọ̀ kíláàsì, Tíṣà, SS2 ti pẹ́ jù. Nígbà tí ọmọ bá fi dé ibẹ̀, ó ti yan iṣẹ́ ọnà tàbí ọ̀rọ̀ ajé, kò sì ní kẹ́mísìrì àti fìsíìsì tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka jiọ́lọ́jì ní yunifásítì yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. JSS3 ni kí ẹ mú, kí wọ́n tó pín wọn. Mo mọ àwọn ọmọ tó gbọ́n tí ilẹ̀kùn yìí tì mọ́ lójú nítorí pé kò sí ẹni tó tètè sọ fún wọn.

Ní ti òbí, ẹ má ṣèlérí iṣẹ́ ní NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ òtítọ́ pé ẹ̀kọ́ jiọ́lọ́jì yẹn kan náà ló ń mú èèyàn wá omi fún kànga ẹ̀rọ, tó ń mú un yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ́ afárá, tó ń mú un ka àwòrán sátẹ́láìtì, tó sì ń gbé e dé ibi ìwakùsà. Ẹni tó bá wá fẹ́ràn Máàsì lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ sì lè fi kún un pé ọ̀nà wà nílé. Láti ọdún 1999 ni Nàìjíríà ti ní àjọ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òfurufú, lọ́dún 2003 ni sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 gbéra, ní oṣù kejìlá ọdún 2022 ni Nàìjíríà àti Rùwáńdà sì jọ di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí àdéhùn Artemis lórí ìrìn àjò sí òṣùpá. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ibùdó ẹ̀kọ́ nípa òfurufú wà níbẹ̀ láti ọdún 1998 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Kí ẹ sì sọ ti Senegal fún àwọn ọmọ: ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Senegal, Amẹ́ríkà àti Faransé jọ to awò awọ̀nàjíjìn sí, láti wo bí Arrokoth, òkúta kékeré kan tó wà níkọjá Pluto, yóò ṣe dí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan, kí ọkọ̀ New Horizons tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2019.

Tíṣà Jọ́gíráfì, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. JSS3 ni mo máa mú, mo sì ti sọ fún olùkọ́ ìṣirò nípa gíráàfù. Ó ku ohun kan. Ewékorò kò jìnnà sí wa, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Ǹjẹ́ ó kan ọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì rárá, tàbí kí n fi í sílẹ̀?

Akọ Òkúta, Ìbàdàn

Ó kàn án, Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta Ewékorò ti di òkúta. Ìkarahun inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ rí. Ìgbà tó sì kó jọ jẹ́ ìgbà tó tẹ̀ lé ìkọlù ńlá ti 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkúta ràgàjì kan láti òfurufú gbẹ́ kòtò Chicxulub ní Mẹ́síkò, tí àwọn dáínósọ̀ sì pa run, àfi àwọn ẹyẹ tó ṣẹ́kù nínú ìran wọn. Nítorí náà, ìkarahun Ewékorò jẹ́ ti àwọn ẹ̀dá tó gbé inú òkun lẹ́yìn àjálù yẹn. Ẹ má sọ fún wọn pé wọn yóò fojú rí àpá ìkọlù náà níbẹ̀ o. Ẹ kàn ní kí wọ́n ronú nípa irú àwọn ẹ̀dá tó ṣẹ́kù nínú òkun, àti ìdí tí àwọn yẹn fi yè.

Ní ti ìwọlé, ẹ má kó ọmọ dé etí kòtò ìwakùsà láìgba àṣẹ, nítorí wọ́n máa ń fi àdó fọ́ òkúta níbẹ̀, ọkọ̀ ńláńlá sì ń lọ ń bọ̀. Kí ọ̀gá àgbà yín kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó béèrè fún àkẹtẹ̀ líle fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti òṣìṣẹ́ kan tí yóò dúró tì yín. Bí wọn kò bá gbà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n da ẹrù òkúta díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fún yín. Ìkarahun yóò ṣì wà nínú ìyẹn náà. Ẹ mú ìwé ìròyìn àtijọ́ dání láti fi wé e, nítorí àwọn kan nínú wọn máa ń rún bí wọ́n bá ń ra ara wọn nínú àpò.